Òpó Kan Ṣoṣo Tí Ìnjíníà Yọ

Ẹ ti fura. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ méjì jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, pé wọ́n yin ọ̀kan, wọn ò yin èkejì, tí iṣẹ́ náà sì bàjẹ́ lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn wá wò ó, ẹ ò nílò ọlọ́pàá kí ẹ tó mọ ẹni tó bà á jẹ́. Òun náà ni. Ẹni tí wọn ò yìn ni. Ohun tí ẹ ò tíì mọ̀ ni bó ṣe dá ara rẹ̀ láre kó tó ṣe é, nítorí kò sẹ́ni tó ń ṣe ibi tí kì í kọ́kọ́ wá orúkọ rere sọ ọ́.

Ìnjíníà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó ti di ìnjíníà. Kíláàsì àṣekágbá ló wà ní ilé-ìwé girama, irùngbọ̀n rẹ̀ kò sì ju èyí tí èèyàn lè fi ìka kà lọ. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti máa ń tú rédíò palẹ̀, tí á sì tò ó padà, tí nọ́ọ̀tì méjì-mẹ́ta á ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá tò ó tán. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ pè é, á kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Òun ló kọ́ sáìtì tí ilé-ìwé wọn fi ń gba orúkọ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀. Kò purọ́ níbẹ̀. Gbogbo ìsinmi tó kọjá ló fi jókòó sí yàrá kọ̀ǹpútà, níbi tí fáànù òkè ti ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, tó ń to tábìlì inú dátábéèsì. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà yín. Tábìlì dátábéèsì kò yàtọ̀ sí ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ ní kíláàsì: ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ní òpó tirẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òpó kan fún orúkọ, òpó kan fún ọjọ́ ìbí, òpó kan fún nọ́ńbà fóònù òbí. Ìnjíníà to òpó títí kò fi sí ohun tí kò béèrè lọ́wọ́ òbí, àfi iye ìgbà tí ọmọ ń sín lójúmọ́.

Lẹ́yìn náà ni Jẹ́jẹ́ dé.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé náà ni. Ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ: bó bá ń dáhùn ìbéèrè, àwọn tó jókòó lẹ́yìn á ní kí ẹnìkan bá àwọn ṣe ògbufọ̀. Tíṣà kọ̀ǹpútà ní kó máa ran Ìnjíníà lọ́wọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣe. Ó fi òpó kan kún tábìlì náà: orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ nílé.

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ìnjíníà bi í lọ́jọ́ náà.

"Àwọn ọmọ ọdún kìíní máa ń sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Tí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí bá fi orúkọ ilé pè wọ́n, ara á tù wọ́n."

"Ṣé ilé-ìwé la wà ni, àbí ilé ọmọ-ọwọ́?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló dun Ìnjíníà, torí kó lè dun Jẹ́jẹ́ lòun ṣe sọ ọ́.

Ìgbà tí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wá wo iṣẹ́ wọn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín títí táàmù á fi parí, òpó yẹn ni ojú rẹ̀ balẹ̀ sí. "Alùpùpù," ó kà á sókè. "Ẹyẹlé. Má-Sùn. Bàbá Ariwo." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ nù. "Ta ló ronú kan èyí?"

Tíṣà nawọ́ sí Jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ilé-ìwé ti ń sọ̀rọ̀ nípa òpó Jẹ́jẹ́. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n ń tẹ orúkọ ilé àwọn ọmọ wọn sínú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bàbá kan tilẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, ó ní kí wọ́n bá òun kí ọmọ tó ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí Ìnjíníà, bẹ́ẹ̀ òun ló ni gbogbo òpó yòókù. Ẹni tó kọ́ ilé látìsàlẹ̀ dókè jókòó sílé, ẹni tó gbé òdòdó kan sójú fèrèsé ni wọ́n ń kí kú iṣẹ́.

Ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ ni obìnrin náà, abẹ́rẹ́ kì í sì í dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ni ọmọbìnrin tó ṣe ti orúkọ ilé yẹn?" ó bi í. "Oníbàárà mi kan ò sọ nǹkan mìíràn láti àárọ̀."

"Màámi, èmi ni mo kọ́ sáìtì yẹn."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. O gbìyànjú." Ó fi eyín já òwú. "Ṣùgbọ́n ti ọmọbìnrin yẹn wọ̀ mí lọ́kàn."

O gbìyànjú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ìyá máa ń sọ fún ọmọ tó ṣe ipò kẹta. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀; Ìnjíníà kò jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tán, ó sì tún bínú pé kò sẹ́ni tó béèrè ìdí.

Ohun tó wá bu epo síná ọ̀rọ̀ yìí ni ìkéde tí Tíṣà ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ sáìtì fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo láti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá rí òun. Ìnjíníà obìnrin kan láti ilé-iṣẹ́ náà á wá lọ́jọ́ ìpàdé òbí, á wo sáìtì ilé-ìwé, á sì wo ẹni tó lè mú.

Tíṣà kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Ìnjíníà fi dé iwájú tábìlì rẹ̀. Ó ti ń fojú inú rí ara rẹ̀ tó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, tó ń gba ojú pópó kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àwọn aládùúgbò lè rí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì padà dé orí àga rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ fi sọ fún un pé Jẹ́jẹ́ ni wọ́n máa mú. Obìnrin yẹn á dé, wọ́n á fi òpó Jẹ́jẹ́ hàn án, òun náà á bọ́ gíláàsì nù, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un o. Ìlara kì í dúró gba ẹlẹ́rìí kó tó dájọ́.

Báyìí ló ṣe ku òpó yẹn nìkan lójú rẹ̀.

Tíṣà ti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń yọ òpó. "A kì í fọwọ́ lásán fa òpó yọ," ó ní. "Àṣẹ là ń kọ, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní máígíréṣọ̀n. Ẹ ó kọ ohun tí ẹ fẹ́ yí padà sínú rẹ̀, irinṣẹ́ tí a fi kọ́ sáìtì á sì lọ ṣe é. Ó mọ ọ̀nà àlọ, ó mọ ọ̀nà àbọ̀. Ẹ lè ní kó lọ, ẹ sì lè ní kó padà."

"Ṣé ká kàn yọ ọ́ báyìí náà ni, sà?" ọmọ kan béèrè.

"Rárá. Ìrìn méjì ni. Nígbà tí sáìtì bá jí, ó máa ń ka orúkọ gbogbo òpó sórí. Tó o bá yọ ọ̀kan nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí sáìtì, á máa wá a, kò ní rí i, á sì dákú. Ìrìn àkọ́kọ́: sọ fún sáìtì pé kó má wo òpó yẹn mọ́, kó o sì tún jí i. Ìrìn kejì: yọ òpó náà. Ẹni tó bá jókòó sórí àga, ẹ kọ́kọ́ ní kó dìde kí ẹ tó gbé àga."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa ẹ̀dà tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣe pamọ́, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ni Ìnjíníà ń wò nígbà yẹn, bóyá òun náà ti lóye.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé òbí, yàrá kọ̀ǹpútà ṣófo. Láti inú gbọ̀ngàn ni ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ti ń wá. Ìnjíníà jókòó, ó kọ àṣẹ rẹ̀: kí wọ́n yọ òpó orúkọ ilé kúrò lára tábìlì akẹ́kọ̀ọ́. Ìlà kan péré ni.

Lọ́kàn rẹ̀, ó ní òun ń gbálẹ̀ ni. Sáìtì ti wúwo jù. Òpó tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, kí ló ń wá lára tábìlì ilé-ìwé? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbálẹ̀ kì í kọ́kọ́ yọjú wo ẹnu ọ̀nà, Ìnjíníà sì ti yọjú. Ó mọ ìrìn méjì yẹn bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀. Tó bá rin méjèèjì, sáìtì á máa ṣiṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó máa ké pe ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ fo ti àkọ́kọ́. Sáìtì á dákú níwájú àwọn òbí, wọ́n á ní òpó Jẹ́jẹ́ ló fà á, òun á wá dìde jẹ́jẹ́, á ní kí àṣẹ náà padà, òpó á bọ́ sípò, obìnrin ilé-iṣẹ́ á sì fojú ara rẹ̀ rí ẹni tó mọṣẹ́. Kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Yíyá lòun kàn fẹ́ yá a, òun á dá a padà.

Jẹ́jẹ́ yọrí sẹ́nu ọ̀nà, àga méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìnjíníà, ṣé o ti jẹun? Mo ti fi àga kan pa mọ́ fún ọ níwájú."

"Mo ń bọ̀."

"Ṣé kò sí wàhálà?"

"Wàhálà wo ló máa wà?"

Ọmọbìnrin náà lọ. Bó bá jẹ́ pé ó bú u ni, bóyá Ìnjíníà ì bá tún rò ó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ń yìn, tó tún wá ń ṣe dáadáa sí èèyàn, kò ṣeé fara dà. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Gbọ̀ngàn kún. Obìnrin ilé-iṣẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, kò sì jọ ìnjíníà kankan tí Ìnjíníà ti fọkàn yà. Ọ̀gá àgbà dúró síwájú, ojú kọ̀ǹpútà hàn gàdàgbà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ó pe ìyá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, ó ní kí àwọn jọ fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn.

"Kí lẹ ń pè é nílé, mà?"

"Ìyá Ìjọba," ìyá àgbà náà dáhùn. "Òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà tẹ̀ ẹ́, ó ní kí sáìtì fi pa mọ́. Ojú kọ̀ǹpútà funfun balau, ìlà lẹ́tà pupa kan sì jáde. Ó tún un tẹ̀. Pupa náà ni.

"Fóònù tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," bàbá kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ẹ gbá a létí díẹ̀."

"Àbí ẹ̀rù orúkọ yẹn ló ń bà á," ẹlòmíì ní.

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Jẹ́jẹ́, òpó rẹ yìí ńkọ́? Kí ló ṣe é?"

Jẹ́jẹ́ dìde, ó sún mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà pupa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Kò tíì ka ìdajì tí Ìnjíníà fi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó, mà."

Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní kí ọ̀gá àgbà tún gbìyànjú. Sáìtì gba Ìyá Ìjọba wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àtẹ́wọ́ bú jáde, Ìnjíníà sì tẹ orí ba díẹ̀, bó ṣe dán an wò níwájú dígí nílé.

Obìnrin ilé-iṣẹ́ dìde. "Ọwọ́ rẹ yá. Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ti yọ òpó kan, mà. Sáìtì ṣì ń wá a."

"Òótọ́ ni. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo kà á lójú kọ̀ǹpútà ni, mà."

"Ọmọbìnrin yìí ló ń kà á, kò sì tíì kà á dé ibi tí orúkọ òpó wà. Ìwọ ò tiẹ̀ wojú ògiri." Kò gbé ohùn sókè rárá. "Láti orí àga rẹ lo ti gbé oògùn bọ̀. Dókítà tó mọ àìsàn kó tó rí aláìsàn máa ń ṣe mí ní kàyéfì."

Ọ̀gá àgbà kò tilẹ̀ fetí sí wọn. Inú rẹ̀ ti dùn padà, ó fẹ́ ka orúkọ ilé àwọn ọmọ tó kù fún àwọn òbí. Ó ṣí tábìlì náà. Òpó náà ti padà sí àyè rẹ̀ lóòótọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Ìjọba nìkan ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo yòókù funfun.

"Níbo ni wọ́n wà?" ọ̀gá àgbà béèrè.

"Tèmi jẹ́ Alùpùpù," bàbá ẹ̀yìn yẹn ní, kò sì ṣàwàdà mọ́. "Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. "Ẹnìkan yọ òpó náà, ó wá ní kó padà. Àṣẹ àbọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ yàrá, mà. Kò mọ àwọn tó ń sùn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ̀dà dà?" Tíṣà béèrè. "Ẹni tó bá fẹ́ yọ òpó ló ń kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà." Ó ń wo Ìnjíníà bó ṣe ń sọ ọ́, gbogbo èèyàn sì ń wo ibi tí Tíṣà ń wò.

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí àwọn òbí lọ tán, Tíṣà ti ilẹ̀kùn. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

Ìnjíníà ti pèsè ọ̀rọ̀ gbígbálẹ̀ yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ni, sà," ó ní. Òun fúnra rẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún.

Tíṣà gba ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ inú sáìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin ilé-iṣẹ́ ti lọ, kò mú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà ní kí Ìnjíníà fóònù òbí kọ̀ọ̀kan, kó tọrọ àforíjì, kó tún béèrè orúkọ ilé ọmọ wọn, kó sì tẹ̀ ẹ́ padà fúnra rẹ̀.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró, èyí tí kò wọ́pọ̀.

"Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ó ní. "Nígbà tí nǹkan yẹn dákú níwájú èèyàn, sáìtì ta ló dákú? Ti ọmọbìnrin yẹn ni àbí tìẹ?"

"Tèmi ni, Màámi."

"Ìyìn ẹlòmíì kò gé ìwọ kúrú. Owú ló gé ọ kúrú. Ohun tó o bá fi owú bà jẹ́, tó o bá tiẹ̀ tún un ṣe, kì í padà bó ṣe wà. Gbọ́ ìyẹn lónìí, kó o má tún dúró dìgbà tó o bá dàgbà." Ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. "Oúnjẹ rẹ wà ní ìdáná. Lọ jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí ilé-ìwé jáde, Ìnjíníà jókòó sábẹ́ fáànù tó ń ké, ó gbé fóònù ilé-ìwé sétí.

"Ẹ káàsán, mà. Láti ilé-ìwé ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń pe ọmọ yín nílé?"

"Kí ló tún ṣe?" ìyá náà béèrè. "Ta ló lù?"

"Kò lu ẹnikẹ́ni, mà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Má-Sùn ni. Tó o bá gbé e sùn rí, wàá mọ ìdí ẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí, Jẹ́jẹ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn orúkọ tí Ìnjíníà ń gbà. Wọ́n ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Ìnjíníà ń fóònù, Jẹ́jẹ́ ń tẹ̀. Ìnjíníà wá rí i pé kò nira tó bó ṣe rò láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kóun ṣe bí ọkùnrin, kóun kí i kú oríire.

"Kí ni wàá kọ́kọ́ kọ́, tó o bá dé ilé-iṣẹ́ yẹn?"

"Ilé-iṣẹ́ wo?"

"Ti obìnrin ọjọ́sí. Ìwọ ni wọ́n á mú báyìí, mo mọ̀. Kì í ṣe nǹkan ìjà."

Jẹ́jẹ́ dá ọwọ́ dúró lórí kọ̀ǹpútà, ó wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Mi ò béèrè fún un," ó ní. "Ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà ni mò ń lọ ní ìsinmi, ojú ń dùn wọ́n. Orúkọ kan ṣoṣo ni Tíṣà fún obìnrin yẹn. Tìẹ ni."